Hàǹtú Tí Kò Tòrò

Ní àárọ̀ Jímọ̀ tó ṣáájú ìdánwò àṣejáde àwọn ọmọ girama, Hàbíbátù ṣí ìdérí garawa ńlá kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó bojú wo inú rẹ̀, ó dé e padà. Ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ọkàn rẹ̀ kò gbà, ó padà wá ṣí i. Omi náà dúdú láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì ń dán. Ó ṣí garawa kejì, ó ṣí ìkẹta. Bákan náà ni gbogbo wọn.

"Ìwọ hàǹtú yìí," ó sọ ọ́ síta bí ẹni tó ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀, "kí ló dé tí o ò fẹ́ tòrò?"

Hàbíbátù kì í ṣe ẹni tí ẹ̀rù ń bà lásán. Ọdún mọ́kàndínlógójì ló ti lò nílé Ààfáà Abdulsobur, gbogbo ọdún náà ló sì fi ń tọ́jú hàǹtú. Ààfáà á fi tàdáwà kọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sára wàláà, wọn á fi omi mímọ́ fọ ìkọ̀wé náà kúrò, omi dúdú tó bá jáde níbẹ̀ ni wọn á bù fún ọmọ mu kí iyè rẹ̀ lè là. Hàǹtú tó bá sùn mọ́jú, dúdú inú rẹ̀ á rọ̀ sísàlẹ̀, omi òkè á mọ́ díẹ̀, wọn á ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìgbakọ rò ó pọ̀ kí wọ́n tó bù ú. Ohun tí ó mọ̀ nìyẹn. Èyí tó wà níwájú rẹ̀ yìí ti sun oorun ọjọ́ méjì gbáko, kò rọ̀, kò sì jọ ohun tó fẹ́ rọ̀.

Ibẹ̀ ló wà tí ikọ́ fi ta lẹ́yìnkùlé. Humairah ni, ìyàwó Afeez ọmọ rẹ̀. Ikọ́ gbígbẹ ni, kò mú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wá, kò sì dáwọ́ dúró. Hàbíbátù jáde bá a. Humairah jókòó lórí àpótí, ó fọwọ́ di àyà mú, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ọjọ́ kẹta rèé o, Humairah."

"Ẹ má dààmú, Màmá. Ó kàn ń rìn mí lọ́fun ni."

"Gbójú sókè kí n rí ẹ."

Ó gbójú sókè. Inú ihò imú rẹ̀ dúdú kirikiri. Hàbíbátù fi etí ìró nù ún. Ìró dúdú, imú kò mọ́.

"O ò fọ imú ni?"

"Mo fọ̀ ọ́, Màmá. Ọṣẹ dúdú, ọṣẹ funfun, kò sí èyí tí mi ò lò. Ẹ wo àtẹ́lẹwọ́ mi náà."

Humairah ló gún ohun tí wọ́n fi ṣe tàdáwà náà, òun ló sì jọ̀ ọ́. Èédú ìdí ìkòkò tí Ààfáà máa ń lò ti tán, àwọn òbí tó ń bọ̀ sì pọ̀. Afeez, tó ń ta ọjà tòkúnbọ̀ nítòsí Odò-Orí ní Ìwó, ti kó ẹ̀rọ asẹ́mi mẹ́rin ti Èkó bọ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Ọ̀kan fọ́ lọ́nà, nítorí kòtò ojú títì wa kì í wo ojú ẹrù. Ohun gígùn dúdú kan wà láàárín ẹ̀rọ náà, òun ló fọ́ yángá, ẹ̀tù tó dà jáde nínú rẹ̀ sì kúnná ju àtíkè lọ. Humairah rí i pé lẹ́tà Lárúbáwá ló wà lára páálí rẹ̀. Ó ní ohun tó bá ní lẹ́tà Kùránì lára kò lè jẹ́ ohun burúkú, kí wọ́n má dà á sórí ààtàn, kí wọ́n fún Bàbá kí wọ́n fi ṣe tàdáwà. Gbogbo ilé ló yìn ín fún làákàyè yẹn. Hàbíbátù gan-an wà lára àwọn tó yìn ín, ìyẹn ló sì ń dùn ún jù láàárọ̀ yìí.

Ó po oyin mọ́ omi gbígbóná fún ìyàwó ọmọ rẹ̀, ó ní kó lọ rọra fẹ̀yìn lélẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé oúnjẹ lọ bá àwọn ọkùnrin.

Ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín ni. Ààfáà jókòó sórí ẹní, Afeez jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń tẹ fóònù. Hàbíbátù kò gbé ọ̀rọ̀ náà gba ẹ̀yìn.

"Ààfáà, hàǹtú yẹn ò tòrò."

Ààfáà ń ṣí ewé ẹ̀kọ. "A jẹ́ pé tàdáwà rẹ̀ dáa."

"Kò tòrò, ẹ̀tù rẹ̀ náà ò balẹ̀. Láti ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń jọ̀ láfún, mi ò rí ìyẹ̀fun tó kúnná kúnná tí kò ní í balẹ̀. Lọ́jọ́ tí Humairah ń jọ̀ eléyìí, oòrùn gba ojú fèrèsé wọlé, mo rí ẹ̀tù náà nínú ìtànṣán rẹ̀. Mo lọ kírun àyìlá, mo padà dé, ó ṣì wà lójú kan náà, kò lọ sókè, kò wá sílẹ̀. Kí ni nǹkan náà?"

Afeez rẹ́rìn-ín. "Màmá, èédú ni. Nánò ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ti ṣe é kéré débi pé ojú ò lè rí ẹyọ kan nínú ẹ̀. Òun náà kọ́ ló ń sẹ́ omi wa lẹ́yìnkùlé yẹn? Àbí ẹ ò rí bí omi kànga wa ṣe wá mọ́ ni?"

Òótọ́ ni Afeez sọ, ẹni tó bá sì jẹ oore kì í sẹ́ ẹ. Ẹ̀rọ kan nínú àwọn tí kò fọ́ wà lẹ́yìnkùlé wọn. Omi kànga tó pọ́n bí omi amọ̀ ń wọ inú rẹ̀, ó ń jáde bí omi òjò. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e síbẹ̀, inú rírun ti dẹ̀yìn lẹ́yìn àwọn ọmọ kéú. Ẹnikẹ́ni tó bá jókòó níbi kan tó ronú kan irú nǹkan bẹ́ẹ̀, orí rẹ̀ pé, Hàbíbátù sì ti ṣàdúrà fún onítọ̀hún láìmọye ìgbà.

"Mi ò bá èyí tó wà lódidi jà," ó ní. "Ìgò tó wà lódidi, a fi ń mumi. Tó bá fọ́, ẹsẹ̀ ló ń gé. Èyí tó fọ́ ni mò ń bi ọ́. Ẹni tó tà á fún ẹ, ṣé ó sọ fún ẹ pé báyìí ni kí o ṣe é tó bá fọ́?"

"Màmá, ọjà tòkúnbọ̀ ni. Ta ní ń bá èèyàn sọ ìyẹn?"

"Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ nìyẹn."

Ààfáà gbé ẹ̀kọ sílẹ̀. "Ìyá Afeez, àwọn èèyàn ń bọ̀ láti Kuta. Wọ́n ń bọ̀ láti Olúpọ̀nnà. Ọmọ bí ọgọ́ta. Ṣé kí n dìde dúró kí n ní ìyàwó mi wo omi, omi ò tẹ́ ẹ lọ́rùn?"

"Ẹ sọ fún wọn pé ẹ ò tíì mọ ohun tó wà nínú ẹ̀."

"Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ló wà nínú ẹ̀."

"Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ò lẹ́bi, Ààfáà. Ohun tí a fi kọ ọ́ ni mò ń wí. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run."

Humairah húkọ́ nínú yàrá, ó tún húkọ́. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́ ọ, wọ́n sì ṣe bí ẹni pé wọn ò gbọ́. Ààfáà ṣan ọwọ́, ó ní òun fẹ́ lọ wẹ ìwẹ̀ Jímọ̀. Ẹ̀kọ kan ṣoṣo ló jẹ nínú mẹ́ta. Nínú ilé yẹn, bí Ààfáà bá ti ní òun ń lọ wẹ̀, ẹjọ́ ti parí nìyẹn.

Ẹjọ́ ò parí lọ́kàn Hàbíbátù. Kò lọ sọ́jà lọ́jọ́ náà. Ó gbé àpótí, ó jókòó ti àwọn garawa náà bí ẹni tó ń ṣọ́ aṣọ tó ń gbẹ. Bí ó bá dákẹ́, ọmọ ọlọ́mọ ọgọ́ta á mu ohun tí kò mọ̀. Bí ó bá sọ̀rọ̀, orúkọ tí ọkọ rẹ̀ fi ogójì ọdún kọ́ á wó lójú gbogbo ayé, yóò sì jẹ́ ìyàwó rẹ̀ ló wó o. Ó ń yí i síhìn-ín, ó ń yí i sọ́hùn-ún.

Kò pẹ́ tí Khàdíjàh, aládùúgbò wọn, wọlé tòun ti ìgò ike lọ́wọ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ń ṣe ìdánwò náà.

"Ẹ kú ojúmọ́, Ìyá Afeez. Mo ní kí n tètè gba tèmi kí èrò tó pọ̀. Ẹ ṣáà bù ú síbí fún mi."

"Khàdíjàh, ṣe sùúrù. Ó di ẹ̀yìn Jímọ̀."

"Ṣé èmi náà á tò lẹ́yìn èrò ni? Ilé sílé la wà."

"Mi ò tíì lè bù ú."

"Kí ló ṣe é?"

Hàbíbátù kò mọ irọ́ pa, ó sì mọ̀ pé òun ò mọ̀ ọ́n pa. Ó ní, "Ohun tó wà nínú ẹ̀ ò tíì yé mi."

Khàdíjàh wo ojú rẹ̀, ó wo garawa. Ó wa ìdérí ìgò rẹ̀ padà, ó ń wà á díẹ̀díẹ̀. "Ó dáa o. Tó bá jẹ́ ti àwọn tó ń gbé mọ́tò wá ni, á ti yé yín." Ó sì jáde. Kí Hàbíbátù tó ka ọgọ́rùn-ún lórí tẹ̀sùbáà rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ti dé ìdí ẹ̀rọ ata. Ó ń gbọ́ wọn láti ojú fèrèsé. Ẹnìkan ní Ìyá Afeez ń ta hàǹtú báyìí. Òmíràn ní rárá, òun àti ọkọ ló jà. Ẹnìkẹta ní òun gbọ́ pé hàǹtú Ààfáà ò jẹ́ mọ́ ni, pé ìyàwó rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ara rẹ̀. Ẹyin lohùn lóòótọ́, ẹyin Hàbíbátù kò sì tíì délẹ̀ tó ti fọ́.

Ó dìde. Ó ní bí àbùkù bá tilẹ̀ máa kan òun, kí ó kan òun lórí ohun tí òun mọ̀ dájú. Ó mú wàláà kan nínú àwọn tí wọ́n ti fọ̀, ó gbé e sínú oòrùn. Ìkọ̀wé rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ó hàn kedere bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọ́. Ó bu omi sí i, ó fi kànrìnkàn bó o. Ìkọ̀wé kò kúrò. Ó ti wọ inú igi. Hàbíbátù wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó rántí àtẹ́lẹwọ́ Humairah, inú rẹ̀ sì bà jẹ́ gan-an. Ohun tó lè wọ inú igi báyìí, kí ni kò ní í wọ̀ nínú ara èèyàn?

Páálí ẹ̀rọ náà ńkọ́? Humairah ti sun ún, nítorí ó tóbi ju ohun tí wọ́n lè fi pamọ́ lọ, àmọ́ ìwé kékeré kan wà nínú rẹ̀ tí Hàbíbátù gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kí iná tó jó o. Nílé Ààfáà, wọn kì í sọ ìwé tó bá ní lẹ́tà Lárúbáwá sílẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ kan wà lórí àjà tí wọ́n ń kó irú rẹ̀ sí, ojú ewé Kùránì tó ya, kàlẹ́ńdà mọ́sálásí tó ti pẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ó gun àga, ó sọ apẹ̀rẹ̀ náà kalẹ̀, ó tú u títí ó fi rí i.

Ìwé náà kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ nígbà tí wọ́n ká a. Ó tú u, ó gùn. Apá kan jẹ́ lẹ́tà àwọn ará Ṣáínà, apá kejì jẹ́ Lárúbáwá. Kò sí Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ Yorùbá. Wọn ò ṣe ọjà náà ránṣẹ́ sí wa tẹ́lẹ̀, àjẹkù ilẹ̀ ibòmíràn ni. Hàbíbátù mọ lẹ́tà Lárúbáwá kà, ó lè ka Yásínì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìwòwé, àmọ́ ìtumọ̀ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Àwòrán ló yé e. Wọ́n ya orí èèyàn tó fi nǹkan bo imú. Wọ́n ya ọwọ́ tó wọ ìbọ̀wọ́. Wọ́n ya ife omi, wọ́n sì fi ìlà pupa gba àárín ife náà kọjá.

Ó ká ìwé náà, ó fi há ìró. Wọ́n ti ń kírun Jímọ̀ lọ́wọ́, ohùn lèmọ́mù ń dún láti òkèèrè.

Bí wọ́n ṣe kírun tán ni èrò ti ń kún àgbàlá. Àwọn ìyá jókòó sórí ẹní, àwọn bàbá dúró sábẹ́ igi máńgòrò, ọ̀kadà ń já èèyàn sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ọmọ girama ti múra dáadáa, olúkúlùkù di ife tirẹ̀ mú. Khàdíjàh náà padà wá, ó jókòó sẹ́yìn pátápátá, ó sì gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Afeez gbé àwọn garawa jáde. Ààfáà dé nínú aṣọ funfun, gbogbo ènìyàn kúnlẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n ń kí i. Ó ṣe àdúrà kúkúrú. Ó na ọwọ́ sí ìgbakọ.

Hàbíbátù ti ro oríṣiríṣi ọ̀nà tí òun lè gbà sọ ọ́. Ó ti ro pé òun á pariwo. Ó ti ro pé òun á yí garawa dànù kí wọ́n kúkú sọ pé orí òun ti yí. Nígbà tó dé ojú rẹ̀, kò ṣe èyíkéyìí. Ó jáde láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kúnlẹ̀ níwájú ọkọ rẹ̀ bí àwọn ọmọ kéú ṣe ń kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì na ìwé náà sí i.

"Ààfáà, mo ní ẹ̀kọ́ tí kò yé mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi ka èyí kí ẹ tó bù ú."

Ààfáà wo ìyàwó rẹ̀. Ó lè ní kó dìde kó wọlé, kò sì sẹ́ni tí ìbá bá a wí. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin tí a mọ̀ nílùú yìí ìbá ti sọ bẹ́ẹ̀, wọn ìbá sì fi kún un. Àmọ́ ẹni tó ti fi ogójì ọdún kọ́ ọmọ aráyé níwèé kò lè rí ẹni tó kúnlẹ̀ tó ní òun fẹ́ mọ̀, kó lé e. Ó fi ìgbakọ sílẹ̀. Ó yọ awò ojú rẹ̀ nínú àpò, ó fi sójú, ó gba ìwé náà.

Ó kà á. Ètè rẹ̀ ń mì. Nígbà tó dé ibì kan, ètè náà dúró. Ó padà sókè, ó tún un kà. Ọmọ kan fi ife lu orúnkún, ìyá rẹ̀ gbá a lọ́wọ́. Afeez sún mọ́ bàbá rẹ̀.

"Bàbá, kí ni wọ́n kọ?"

Ààfáà kọjú sí èrò, ó sì ń kà á sókè, ó ń sọ ọ́ ní Yorùbá bó ti ń kà á, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń túmọ̀ Kùránì fún wọn nínú Ràmàdánì.

"Ó ní: 'Òwú èédú wà nínú ohun èlò yìí, èyí tó tín-ín-rín ju irun orí lọ ní ọ̀nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Níwọ̀n ìgbà tí ó bá wà lódidi, kò léwu. Bí ó bá fọ́, ẹ má fi ọwọ́ lásán kàn án. Ẹ má gún un, ẹ má lọ̀ ọ́. Ẹ má fa ẹ̀tù rẹ̀ símú, nítorí ó lè dé ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró kó má jáde mọ́. Ẹ má jẹ́ kó dé ẹnu. Ẹ má dà á sínú omi, ẹ má dà á sórí ilẹ̀.'"

Humairah, tó fẹ̀yìn ti òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀, fi gèlè bo ẹnu. Obìnrin kan ní "Súbúhànáláì."

"Ẹ̀tù yìí ni mo fi kọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run fún àwọn ọmọ yín," Ààfáà ní. "Mi ò mọ̀. Àìmọ̀ mi ò ní kó má pa wọ́n lára. Ẹ forí jì mí. Ìyàwó mi ti sọ fún mi láàárọ̀, mi ò gbọ́. Kí gbogbo yín mọ̀ pé òun ló gba ọmọ yín sílẹ̀, kì í ṣe èmi."

Ẹ̀yin tó ń kàwé yìí, ẹ wo bó ti rí. Ààfáà ńlá, lọ́jọ́ Jímọ̀, lójú ará Ìwó àti ará Kuta. Kò fi Ọlọ́run bojú, kò ti ọ̀rọ̀ náà sí ọmọ rẹ̀ lọ́rùn, kò ní ayé ló fẹ́ ba tòun jẹ́. Ó kàn sọ ọ́. Irú ènìyàn báyìí ṣì wà láàárín wa, ó sì yẹ ká máa dárúkọ wọn.

Ọ̀gbẹ́ni Ṣàfíù, tó gun ọ̀kadà láti Kuta, ní, "Ààfáà, ẹ wá kọ òmíràn fún wa nígbà yẹn. Àwa ti rìn wá."

"Kò sí tàdáwà tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà lé lónìí, Ṣàfíù. Àdúrà ni mo ní. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó, màá ṣe é fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí wọ́n bá délé, kí wọ́n ka ìwé wọn."

Ó sì ṣe é fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, tọkùnrin tobìnrin, ó ń gbé ọwọ́ lé wọn lórí, ó ń bi wọ́n lórúkọ. Ẹnìkan nínú àwọn bàbá ti gbá garawa kan mú, ó fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́ dà á sí gọ́tà. Hàbíbátù fò dìde.

"Ẹ gbé e sílẹ̀! Gọ́tà yẹn, ibo ló ń ṣàn lọ? Ẹ ò gbọ́ ohun tí wọ́n kà ni?"

"Ibo la wá fẹ́ dà á sí, Ìyá?"

Ẹnìkan ní ààtàn, òmíràn ní ilẹ̀ ni ààtàn náà. Ẹnìkan ní kí wọ́n sun ún, Afeez ní ta ló fẹ́ fa èéfín rẹ̀ símú. Nínú gbogbo Ìwó, tòun ti títóbi rẹ̀, kò sí ibi tí wọ́n lè gbé garawa omi mẹ́ta sọ̀. Níkẹyìn Ààfáà ní kí wọ́n gbé wọn wọ yàrá òun. Wọ́n fi láílọ́ọ̀nù àti okùn di ìdérí wọn pinpin, Hàbíbátù sì kó odó, ajọ̀ àti àwọn wàláà náà sínú àpò kan, ó di í, ó gbé e tì wọ́n.

Afeez dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ìyá rẹ̀. Nígbà tó dìde, ó ní òun ti ta ẹ̀rọ méjì tó kù, ọ̀kan wà ní Olúpọ̀nnà, ọ̀kan wà lọ́dọ̀ obìnrin kan lẹ́yìn ọjà. Ó ní òun ń lọ bá wọn, òun á sọ fún wọn pé ó dára púpọ̀, kí wọ́n máa lò ó, àmọ́ tó bá fọ́, kí wọ́n má fọwọ́ kàn án, kí wọ́n pe òun. Ó bẹ́ sórí ọ̀kadà láìjẹun.

Àwọn èrò túká díẹ̀díẹ̀. Khàdíjàh ló kẹ́yìn. Ó dé iwájú Hàbíbátù, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ìyá Afeez, ẹnu mi ò dáa." Hàbíbátù fà á dìde, ó ní kó lọ wá oúnjẹ fún ọmọ rẹ̀, pé ọmọ tó ń kàwé kì í gbààwẹ̀.

Ó wá ku òun àti ọkọ rẹ̀ lórí ẹní. Ààfáà ṣì di ìwé náà mú. Ó rẹ Hàbíbátù, àmọ́ ara rẹ̀ fúyẹ́. Ó ń wo ọkùnrin náà láti ẹ̀gbẹ́, ó sì ń rò ó pé bí wọ́n bá ní kí òun tún ọkọ yàn lónìí, òun náà ni òun á yàn.

"Alihamudulilahi," ó ní. "Ọlọ́run ló yọ wá. Kò tíì kan ẹnikẹ́ni lẹ́nu."

Ààfáà kò ṣe àmín.

"Ààfáà?"

"Ìyá Afeez, ẹni tó bá kọ hàǹtú ló ń kọ́kọ́ mu ún. Bàbá mi ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Ó ní ohun tí o kò bá lè mu, má bù ú fún ọmọ ọlọ́mọ." Ó ká ìwé náà sí méjì. "Lẹ́yìn ìrun àsùbáà ni mo mu tèmi. Ife kan."

Hàbíbátù kò pariwo. Ó dìde, ó wé gèlè rẹ̀ le. Ó pe Humairah jáde, ó ní kó wọ bàtà. Ó jáde sí ojú títì fúnra rẹ̀, ó dá kẹ̀kẹ́ dúró, ó ní ọsibítù ni, kó má gbé èrò mìíràn. Ààfáà ní kí òun kírun alásàrì ná, Hàbíbátù ní ọsibítù náà ní ilẹ̀ tí wọ́n lè tẹ́ ẹní sí. Ọkọ rẹ̀ kò jiyàn. Ó gba ọwọ́ rẹ̀, ó wọlé sínú kẹ̀kẹ́, òun wà láàárín, ìyàwó rẹ̀ lọ́tùn-ún, ìyàwó ọmọ rẹ̀ lósì. Humairah gbé orí lé e léjìká, ó ń húkọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Kẹ̀kẹ́ ń já kòtò, ó ń jáde. Ààfáà kọjú sí ìyàwó rẹ̀.

"Ṣé ò ń bínú?"

"Mò ń bínú."

"Sí mi?"

"Èwo ni tiyín níbẹ̀? Ẹni tó mọ ohun tó wà nínú ẹ̀, tó mọ̀ pé ó lè fọ́, tó kó o fún wa tí kò bá wa sọ nǹkan kan, òun ni mò ń bínú sí. Mi ò kàn mọ orúkọ ẹ̀ ni."

Ààfáà fọwọ́ kan ìwé tó wà nínú àpò rẹ̀.

"Mo wá a," ó ní. "Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo wá a. Wọn ò kọ ọ́ síbẹ̀."